Ojú Kan Tó Kù fún Fumie

Ẹni tó bá fẹ́ rí Chigusa Onodera ní gbogbo ọdún tó lò nílé ìwòsàn yunifásítì yẹn, kó má wulẹ̀ lọ síbi tí àwọn dókítà ti ń gba àlejò. Kó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, kó gun òkè dé àjà kẹrin, kó kọjá níbi tí wọ́n ń to àwọn páálí òfìfo sí, yóò rí ilẹ̀kùn kan tí kì í tì dáadáa. Ibẹ̀ ló wà. Ó jókòó ti ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì, ó ń gé ọpọlọ eku funfun. Ó ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Tí èèyàn bá mí sí i, ó ti fò lọ nìyẹn. Torí náà Chigusa kì í mí dáadáa lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé nílé pàápàá, tó bá ń gé ẹja, yóò sé èémí.

Kì í ṣe gbajúmọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá máa ń rò pé ẹni tó ń fún eku lóúnjẹ ni. Àìsàn tó ń wádìí gan-an kò gbajúmọ̀. Gbogbo wa la ní ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀ wa, iṣẹ́ wọn sì ni láti lé àrùn jáde. Ṣùgbọ́n nínú ara àwọn kan, àwọn ọmọ ogun yìí á ṣàdédé yíjú padà sí onílé. Okùn tó ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ, wọ́n á gbà pé ọ̀tá ni. Mùdùnmúdùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn, wọ́n á gbà pé ọ̀tá ni. Ẹni tó ríran sùn lánàá yóò jí, yóò máa bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò tíì ṣí fèrèsé. Obìnrin ló ń mú jù, àwọn tí agbára wọn ṣì pé, tí ọmọ wọn ṣì ń lọ síléèwé. Tó bá sì ti mú wọn lẹ́ẹ̀kan, yóò tún padà wá, ìgbàkigbà tó bá wá, yóò mú nǹkan kan dání lọ.

Etí òkun ni wọ́n bí Chigusa sí, ní ìlú kékeré kan lápá àríwá Japan. Níbẹ̀, látìgbà tí òtútù bá ti dé títí yìnyín á fi yọ́, àwọn obìnrin máa ń jókòó ní ìlà gígùn nínú àgọ́ onípáànù kan, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ kúkúrú ṣí ìkarawun tí àwọn ọkùnrin kó dé láti inú òkun, wọ́n á yọ ẹran funfun inú rẹ̀ láìjẹ́ kó ya. Bàbá rẹ̀ jáde lọ síbi okùn tó fi ń sin ìkarawun nínú òkun láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ nìkan ló padà. Ọ̀bẹ kúkúrú yẹn ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ òun àti Fumie, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tí Chigusa yege láti lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Fumie. Fumie ló mọ ìṣirò jù nínú àwọn méjèèjì. Olùkọ́ rẹ̀ wá sílé lẹ́ẹ̀mejì láti bẹ ìyá wọn pé kó má jẹ́ kó fi ilé ìwé sílẹ̀. Fumie fúnra rẹ̀ ló dá olùkọ́ náà lóhùn.

Ó ní, “Ẹnì kan ní láti jókòó ti ìyá mi. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò sì yá, á gé ara ẹ̀ pa.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, Fumie sún sí àyè ìyá náà gan-an lórí bẹ́ǹṣì, ó gba ọ̀bẹ rẹ̀. Kò sí ọdún kan tí Chigusa gbàgbé pé ẹni tó gbé òun gun àjà kẹrin yẹn ṣì jókòó nísàlẹ̀ níbi tí omi ti ń rin ẹsẹ̀.

Ọdún tí Fumie pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ojú ọ̀tún rẹ̀ kú. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ní ọjọ́ kìíní ó rò pé èérún ìkarawun ló ta sí i. Ní ọjọ́ kẹrin ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Kikue, tó ti ń jókòó tì í lẹ́nu iṣẹ́ láti nǹkan bí ogún ọdún, pe Chigusa lórí fóònù. Ẹni tó gba Fumie wọlé nílé ìwòsàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kumagai, ọ̀gá Chigusa. Èèyàn gíga ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ká sọ tòótọ́. Òun ló mú abẹ́rẹ́ tuntun kan wá sí gbogbo apá àríwá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ní ọjọ́ méjì-méjì, tó ti ran ọ̀pọ̀ òyìnbó tí iṣan wọn ń kú lọ́wọ́.

Ó ní, “Àìsàn kan náà ni. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀ ló máa ràn wá lọ́wọ́ níbí.”

Abẹ́rẹ́ náà ò tíì kárí nígbà yẹn. Chigusa tẹríba fún un nínú ọ́fíìsì rẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, kí Fumie lè wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ gbà á. Fumie wà níbẹ̀, ó fi ojú kan tó kù wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe tẹ̀.

Chigusa fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún un sí itan. Ọsàn kéékèèké ló fi kọ́ ọ lórí tábìlì ilé ìdáná. Fumie gún ọsàn mẹ́fà, omi ń ta sí wọn lójú, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

“Èwo ni itan mi nínú gbogbo ìwọ̀nyí?”

“Èyí tó tóbi jù.”

“Ọlọ́run máa bi yín o, ẹ̀gbọ́n mi.”

Chigusa fún un ní ìwé kékeré kan, ó ti fi rúlà fa àpótí sí i fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí Fumie bá gún abẹ́rẹ́, kó fa àmì róbótó sínú àpótí ọjọ́ náà, àmì tí àwọn olùkọ́ wọn máa ń fi sí iṣẹ́ ọmọ tó bá gbà á. Lábẹ́ rẹ̀, kó kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Kó fi ránṣẹ́ lóṣooṣù.

“Má fo ọjọ́ abẹ́rẹ́ kan. Ó máa ń mú ibà wá, ó máa ń mú ara ro. Fara dà á.”

Fumie ní, “Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe ju ìyẹn lọ?”

Oṣù mọ́kànlá ni ìwé ń wọlé. Tí Chigusa bá gbà á, yóò ka àwọn àmì náà, wọ́n máa ń pé, yóò sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀, yóò padà sídìí eku rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo àmì róbótó náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni Fumie ń kọ: “Kò sí nǹkan.”

Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àjà kẹrin náà. Èkejì ni Ìyá Sawa, tí wọ́n ti gbà síbẹ̀ láti ìgbà tí Chigusa ṣì ń kọ́ ABD, tó sì kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń kán omi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sórí ọpọlọ eku tí Chigusa bá gé. Yóò kán oògùn kan tẹ̀ lé e, oògùn náà yóò sì tàn ní àwọ̀ ewé níbikíbi tí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ti rọ̀ mọ́. Nọ́ńbà ló wà lára ìgò, kò sí orúkọ. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ní.

Ìyá Sawa máa ń sọ pé, “Dókítà, ẹ mí o. Eku yẹn ló ti kú, ẹ̀yin ò tíì kú.”

“Ìyá Sawa, ẹ jọ̀ọ́, ó máa ya.”

“Tẹ́ ẹ bá wá dákú lé e lórí ńkọ́? Kò ní ya nígbà yẹn?”

Ọjọ́ Ajé kan ni, kò tíì tó aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Ìyá Sawa yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ dúdú tí wọ́n ta bo ìdí awò ńlá tó ń sọ nǹkan wẹ́wẹ́ di ńlá. Kò dá àpárá kankan. Ó ní, “Ẹ wá wo nǹkan.”

Chigusa fi ojú sí awò. Nínú òkùnkùn ó rí ìlà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń tàn, tó pẹ̀ka, tó tẹ̀ lé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ náà, bí yìnyín ṣe máa ń ya àwòrán sára gíláàsì fèrèsé láàárọ̀. Ó rẹwà. Kò rí irú rẹ̀ rí.

“Mélòó ló tàn?”

“Méje. Àwọn mọ́kàndínlógún tó kù dúdú kirikiri. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó pè yín, torí mo mọ̀ pé ẹ máa ní ojú àgbà ni.”

Chigusa lọ mú ìwé tí orúkọ àwọn nọ́ńbà wà, ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ọ. Àwọn méje tó tàn, gbogbo wọn ni àìsàn náà mú lójú tó tún mú nínú eegun ẹ̀yìn. Gbogbo wọn ló ń gún abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ méjì. Látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mẹ́fà nínú wọn ti padà wá sílé ìwòsàn, ara wọn burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀kan ò lè rìn mọ́. Àwọn tó dúdú, tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ kan náà, ara wọn ń yá. Àìsàn méjì ló wà, ọ̀kan ni wọ́n pè é, oògùn tó ń wo ọ̀kan sàn ló ń tanná ran èkejì.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méje ni ìwé sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìgò nọ́ńbà mọ́kàndínlógún ni. Chigusa kò wo orúkọ rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ yẹn lára àbúrò rẹ̀.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀. Ó to àwọn ìwé kékeré náà sórí tábìlì ní títẹ̀ léra. Ní oṣù kìíní, àwọn àmì róbótó wà láàárín gbùngbùn àpótí, wọ́n dọ́gba. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ti ń kan ìlà. Ní oṣù kẹsàn-án, àmì ọjọ́ kẹrin wà nínú àpótí ọjọ́ karùn-ún. Nínú èyí tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, méjì gun ara wọn, ọ̀kan ò pa ẹnu dé, ọ̀rọ̀ “Kò sí nǹkan” sì ń ṣubú lọ sísàlẹ̀ ìwé bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Oṣù mọ́kànlá ni Fumie ti ń sọ fún un. Iye àmì nìkan ni òun ń kà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kó àwọn àwòrán náà lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Kumagai. Ọkùnrin náà ń di àpò. Tokyo ló ń lọ, ó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn dókítà gbogbo orílẹ̀-èdè nípa abẹ́rẹ́ náà gan-an. Ó wo àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú.

“Méje,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Méje nínú méje.”

“Onodera, méje kì í ṣe nǹkan kan. Mú ọgbọ̀n wá.”

“Sà, kí n tó rí ọgbọ̀n, àwọn méje yìí á ti fọ́jú.”

Ó ti àpò rẹ̀ pa. “Àbúrò rẹ wà lára wọn, àbí? Nǹkan tó ń bá ọ jà nìyẹn. Lọ sinmi. A máa sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ajé.”

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí bàbá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Chigusa tẹríba, ó jáde. Ìgbà tó dé orí àtẹ̀gùn ló rí i pé òun ti tẹríba.

Ọjọ́rú, ó wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ sílé. Àwọn obìnrin wà nínú àgọ́, ìkarawun ń dún gbàgì-gbàgì nínú garawa. Kikue ló kọ́kọ́ rí i.

“Dókítà wa dé! Ẹ wá bá mi wo ẹ̀yìn mi, ó ti di pákó.”

Ẹlòmíì ní, “Dókítà eku nìyẹn, kì í ṣe tèèyàn. Àfi tó o bá fẹ́ kó gé ọpọlọ ẹ wò.”

“Kí ló fẹ́ rí gé ńbẹ̀?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Fumie náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ibi tó kọjú sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí Chigusa dúró sí. Aṣọ funfun wà lára ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ mẹ́ta. Bí Chigusa ṣe ń wò ó, ó rí Kikue tó na ọwọ́ láìwo ibì kan, tó da ẹ̀kúnwọ́ ẹran tó ti yọ sínú garawa Fumie. Obìnrin tó wà lápá kejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn ti mọ ọ̀nà.

Chigusa fa Kikue jáde sẹ́yìn àgọ́.

“Láti ìgbà wo?”

Kikue nu ọwọ́ lára épírọ́ọ̀nù rẹ̀. “Láti ìgbà ooru.”

“Kí ló dé tẹ́ ò pè mí?”

“Ó ní ká má yọ yín lẹ́nu. Ó ní iṣẹ́ yín ò gba kẹ́nì kan máa yọ yín lẹ́nu. Ṣé ká wá gba ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe nǹkan tó ní ká má ṣe ni?” Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ó ń gé ọwọ́ ẹ̀, a ń bá a di í. Kí la tún lè ṣe?”

Fumie se ẹja lọ́sàn-án, ó bu ìrẹsì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ ibi tí nǹkan gbogbo wà nínú ilé ìdáná náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ó ń ríran. Chigusa mú ìgò omi sóyà tí wọ́n ń dà sí ẹja, ó gbé e sókè níwájú ojú òsì àbúrò rẹ̀.

“Àwọ̀ wo ni ìdérí ìgò yìí?”

“Ẹ̀yin náà! Pupa ni. Ṣé ó ní èyí tí kì í ṣe pupa ni?”

Chigusa gbé e kalẹ̀. Ó gbé èkejì, ti oníyọ̀ díẹ̀ tí ìyá wọn máa ń lò nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí Fumie ò jáwọ́ nínú rírà rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ìdérí ti ìyẹn, ewé tútù.

“Èyí ńkọ́?”

“Pupa náà ni. Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n mi.”

Chigusa ò gbé ìgò náà kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè bẹ́ẹ̀. Fumie gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe pa rọ́rọ́, ó sì mọ̀.

Nígbà tó yá, ó ní, “Ewé ni?”

“Ewé ni.”

“Ó ti pẹ́ tí gbogbo nǹkan ti di àwọ̀ eérú. Mo kàn ń rántí wọn ni.”

“Fumie, ta ló ní kó o máa purọ́ fún mi?” Chigusa gbé ìgò náà kalẹ̀. “Oṣù mọ́kànlá! Kò sí nǹkan, kò sí nǹkan!”

“Ẹ tẹríba fún ọkùnrin yẹn nítorí mi. Mo rí i. Tí n bá ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ojú wo lẹ fẹ́ máa fi wò ó lójoojúmọ́? Mo rò pé èmi ni mi ò fara dà á tó.” Ó wá ṣíbí rẹ̀ lórí tábìlì, ó rí i. “Ṣé abẹ́rẹ́ náà ni?”

“Òun ni.”

“Èyí tẹ́ ẹ fi ọsàn kọ́ mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Fumie jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán kó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹja yín ń tutù.”

Ọjọ́ náà gan-an ni Chigusa kó gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nínú fíríjì, ó mú Fumie wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fa oògùn sí i lára láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, oògùn líle tó máa ń mú àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀. Wọn ò rọlẹ̀. Ohun tó kù ni ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀: yóò fa ẹ̀jẹ̀ jáde, yóò yọ omi inú rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun náà wà, yóò dá ìyókù padà. Ọwọ́ àwọn dókítà kíndìnrín ló wà. Wọ́n ṣe tán. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n fẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ olórí ẹ̀ka tí aláìsàn ti wá. Òǹtẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kumagai, igi kékeré bí ìka ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí nídìí, wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ọ̀gá ọ̀hún wà ní Tokyo. Chigusa pe fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó gbé e ní wọ́n á jíṣẹ́ fún un.

Ọjọ́bọ̀, Ìyá Sawa ti ilẹ̀kùn tí kì í tì yẹn, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ wà. Abẹ́ ìkòkò òdòdó ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti mọ̀ ọ́n.”

“Ìyá Sawa!”

“Kí ni? Igi lásán ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà.”

“Òǹtẹ̀ ọ̀gá! Láìgbàṣẹ?”

“Ẹ lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ojú àbúrò yín.”

Chigusa kò lè ṣe é. Láti kékeré kò ṣe ohun tí wọ́n ní kó má ṣe rí. Ohun tó gbé e dé ibi tó dé nìyẹn, inú rẹ̀ ló ti dàgbà, kò mọ ibi tí ìgbọràn parí sí tí òun alára ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí àwọn dúró de ọjọ́ Ajé. Ó ní bóyá oògùn á ṣiṣẹ́. Ó ní bóyá Ọ̀jọ̀gbọ́n á pè padà. Ó lo Ọjọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lo ọjọ́ Ẹtì bẹ́ẹ̀, ó ń ti ìdí eku dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí fóònù. Ó ń gbé ìka sókè níwájú Fumie. Lọ́jọ́bọ̀ Fumie ń kà á. Lọ́jọ́ Ẹtì ó ń méfò, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì ti ń kú.

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, oòrùn kún orí bẹ́ẹ̀dì náà, ó dé ọrùn Fumie.

Fumie ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni? Ẹ bá mi tan iná.”

Chigusa sáré lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó gbé ìkòkò òdòdó, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ náà mọ́ tàdáwà pupa, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù. Ó kánjú débi pé orúkọ náà dorí kodò. Kò tún un tẹ̀. Àwọn dókítà kíndìnrín wo orúkọ tó dorí kodò náà, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ. Omi tó jáde lára Fumie pọ́n bí òróró, ó kún àpò kan, ó kún òmíràn. Chigusa jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń kán. Inú omi yẹn ni ìlà aláwọ̀ ewé tó rẹwà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé wà.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ náà, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ Fumie tó ti ń kú dáwọ́ kíkú dúró. Ojú òsì rẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ padà: ó mọ ibi tí fèrèsé wà, ó mọ̀ tí èèyàn bá ju ọwọ́ níwájú rẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ. Àwọn dókítà kíndìnrín ní ká ní ó tètè dé ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kumagai dé ní ọjọ́ Ajé. Ó rí fọ́ọ̀mù náà. Gbogbo ilé ìwòsàn ń dúró kó lé Chigusa. Àjà kẹrin ló gùn lọ, ó jókòó sídìí awò láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Sawa ń gbé àwọn ọpọlọ eku náà síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó ń pín oògùn gba ìwé pé kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ àwọn mẹ́fà tó kù dúró. Ìwé náà ò sọ ìdí. Mẹ́rin nínú wọn ṣì ń ríran títí dòní. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò tún dúró níwájú èrò sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ yẹn mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ Fumie gbẹ̀yìn, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú síbi tí fèrèsé wà. Chigusa ń bó ọsàn fún un. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kumagai ló wọlé, òun nìkan, láìsí èrò tó máa ń tẹ̀ lé e. Ó dúró nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ itan, ó tẹ̀ wálẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀.

“Ta ló wọlé?” Fumie bi í.

“Ọ̀gá wa ni.”

“Ẹ káàsán o, sà.” Kò gbọ́ ìdáhùn. “Kí ló ń ṣe? Mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀.”

“Ó ń tẹríba.”

“Fún ta?”

“Fún ẹ.”

“Ṣé ó ti pẹ́?”

“Látìgbà tó ti wọlé.”

“Ṣé ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa? Tó èyí tẹ́yin ṣe?”

“Ó jù ú lọ.”

Fumie yíjú síbi tó rò pé ọkùnrin náà wà. Kọ́bọ́ọ̀dù ló kọjú sí. Ó ní, “Ẹ dìde, sà. Mi ò rí i. Ẹ kàn ń dá ẹ̀yìn yín lágara ni.”

Ọkùnrin náà dìde. Ó jáde. Bàtà rẹ̀ dún títí dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo wà níbí.”

“Ohùn yín ń ti ìsàlẹ̀ wá.”

Orí Chigusa wà nílẹ̀, lórí táìlì tútù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà àbúrò rẹ̀. Fumie na ọwọ́ wá sísàlẹ̀, ó ń fi í wá a kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan irun rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà lé e.

Ó ní, “Ìyá Sawa wá kí mi. Ó ní Ọjọ́bọ̀ lòun ti sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà fún yín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Lọ́jọ́bọ̀, mo ṣì ń ka ìka yín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọwọ́ náà wà lórí rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì pa á lórí. Ọwọ́ tí ọ̀bẹ ti dá àpá sí ni, ó gbẹ, ó le. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Fumie gbé e kúrò, ó fi í sórí itan ara rẹ̀.

Ó ní, “Ọsàn mi dà?”

Ọsàn náà ti já bọ́, ó ti yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Chigusa rákòrò lọ mú un. Ó nù ún, ó pín in wẹ́wẹ́, ó ń fi í sí Fumie lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sé èémí títí Fumie fi jẹ ẹ́ tán.